Hóró Oògùn Kejì

Ọdún tí mò ń sọ yìí, kí n tó la ojú láàárọ̀, ìmí Yèyé ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Orí òpó ni ilé wa wà, omi ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Pákó la fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, pákó náà la fi ṣe ògiri, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnì kan lè ṣe ní yàrá kan tí ará yàrá kejì kò ní gbọ́. Mo mọ ìró omi nígbà tó bá ń kún, mo mọ̀ ọ́n nígbà tó bá ń fà. Mo mọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi láàárín ogún ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ìmí Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ló máa ń borí gbogbo rẹ̀. Ó máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń wọ́ ọkọ̀ gun iyanrìn: yóò wọ́ ọ, yóò dúró, yóò tún wọ́ ọ. Ìjókòó ló ń sùn, ìrọ̀rí mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ó ní bí òun bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe òun bí ẹni pé òun ń rì. Obìnrin tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ kó tó gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀ rírì.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó wà lọ́mọge sọ fún mi pé òun nìkan ló máa ń wa ọkọ̀ lọ sí Ode Ugbo pẹ̀lú edé àti ẹja yíyan, tí á tà á tán, tí á sì wa ọkọ̀ padà kí oòrùn tó wọ̀. Èmi kò bá ìyẹn. Èyí tí mo bá ni ẹsẹ̀ méjì tó wú bí iṣu, tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi á wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọdé ni mí, mo máa ń fi ṣeré. Mo máa ń tẹ ihò márùn-ún sí i, n ó sì máa wò ó bó ṣe ń kún padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Yèyé á máa rẹ́rìn-ín, á ní, “Rẹ̀mí, ṣé o ti rí ibi tí o máa gbin nǹkan sí?” Abọ́ kan náà la jọ ń jẹun, púpurú ẹ̀gẹ́ àti ọbẹ̀ ewé marúgbó, òun ló sì máa ń ṣa ẹja inú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni kí n gbá pákó, kí n bu omi òjò láti inú dúróọ̀mù, kí n sì bá ìyá mi yí ẹja tó wà lórí iná padà. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé Yèyé lọ sí ọsibítù ní òkè, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ kẹrin dé sí i.

Oríṣi oògùn méjì ni wọ́n fún un bọ̀. Ọ̀kan ni oògùn omi, tó ń jẹ́ kó máa tọ̀ léraléra títí omi tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi fà. Èkejì ni oògùn ọkàn, hóró funfun kékeré kan báyìí, kò tó ìpẹ́ ẹja. Dókítà kọ ọ́ sára àpò ìwé tí wọ́n dì í sí pé ọ̀kan ṣoṣo lójúmọ́, láàárọ̀. Bàbá mi máa ń lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí òkun. Ìyá mi kò mọ̀wé, èéfín ẹja kì í sì í jẹ́ kó ráyè. Mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá na àpò ìwé náà sí mi lójú gbogbo ilé, ó ní, “Rẹ̀mí, ìwọ lo máa bá wa mójú tó èyí. Ọwọ́ rẹ ni mo fi ìyá mi sí.” Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Nínú ilé tiwa, èmi ọmọdé ni wọ́n ní kí n wá mọ oògùn. Orí mi wú. Mo gbé oògùn náà sínú agolo mílíìkì kan, mo gbé agolo náà sí orí pẹpẹ tí ọwọ́ mi nìkan mọ ọ̀nà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní abúlé wa nígbà náà, ọmọ Èkìtì, tó máa ń di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú ní ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n bá gbé e sọdá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá wo Yèyé. Ọjọ́ kan ni mo bi í léèrè pé báwo ni oògùn tí èèyàn gbé mì ṣe ń mọ̀ pé àyà ló yẹ kí òun lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì mí. Ó ní oògùn kò mọ̀. Ó ní inú ìfun ló ti ń yòrò, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e káàkiri gbogbo ara, dé orí, dé ojú, dé ìka ẹsẹ̀, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà ni yóò ti ṣiṣẹ́. Ó ní ara kì í fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ẹ̀dọ̀ á máa fọ́ àwọn oògùn kan wẹ́wẹ́, kíndìnrín á sì máa dà wọ́n sínú ìtọ̀. “Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo òmíràn lọ́jọ́ kejì,” ó wí. “Ṣùgbọ́n kíndìnrín àgbà kì í yára bíi tìẹ, Rẹ̀mí. Ti àná lè má tíì jáde tán kí tòní tó wọlé. Ọ̀kan yẹn tó fún un. Má ṣe jẹ́ kó ju ọ̀kan lọ.” Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò lè sọ láéláé pé n kò gbọ́.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹsẹ̀ Yèyé ti fà, mo rí egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ó yọ ìrọ̀rí kan kúrò, ó yọ èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, n kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rù bà mí, mo sáré wọ yàrá rẹ̀, mo bá a tó fẹ̀yìn lélẹ̀ gbalaja, tó ń sùn bí ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí àfárá pákó lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Araromi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ni sàréè bàbá rẹ̀ wà, òkun sì ti ń jẹ ilẹ̀ náà bọ̀ lọ́dọọdún. Ẹnì kan tó ti ibẹ̀ dé sọ fún un pé ó kù díẹ̀ kí omi dé ibi sàréè náà. Yèyé fẹ́ lọ rí i kí omi tó gbé e lọ, àgbà tí ọkàn rẹ̀ kò sì le kò lè fara da ọkọ̀ orí òkun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló pè mí. Ìyá mi wà nídìí ẹja, bàbá wà lórí òkun.

“Rẹ̀mí, gbé agolo yẹn wá.”

“Yèyé, ẹ ti lo tòní láàárọ̀.”

“Mo mọ̀. Wò ó, hóró kékeré yìí ló gbé mi dìde. Bí ọ̀kan bá lè gbé èèyàn dìde, méjì á gbé mi dé Araromi.”

“Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ ju ọ̀kan lọ.”

“Ọmọ Èkìtì tó ń bẹ̀rù odò?” Ó fà mí mọ́ra. “Ṣé ìwọ náà fẹ́ kí n kú síbí láì fojú kan bàbá mi?”

Mo fún un. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo ti rò ó bọ̀, n kò sì rí ibòmíràn tí mo lè gbé e gbà. N kò fún un nítorí pé mo jẹ́ aláìgbọ́n. Mo fún un nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀, àti nítorí pé inú mi dùn pé àgbàlagbà kan ń bẹ̀ mí. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kan láàárọ̀ lójú gbogbo ayé, ọ̀kan ní ọ̀sán láàárín àwa méjèèjì. Nígbà tí oògùn fẹ́ tán ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, mo sọ fún bàbá pé ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gba àárín pákó já sódò. Kò sí ẹni tó jiyàn. Kí ni kì í já sódò nínú ilé wa? Ṣíbí, owó, bàtà ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni odò ti gbà rí. Bàbá kàn ní kí n máa ṣọ́ra, ó sì lọ ra òmíràn.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ sá fún Yèyé. Á bu òkèlè púpurú kan, á mú un dání, á sì dá a padà sínú abọ́. Ó ní ẹja ń rùn sí òun, obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ gbé nínú òórùn ẹja. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá mi rò pé inú rẹ̀ ló dọ̀tí, ó se àgbo tó ń fọ inú fún un, àgbo náà sì mú un ṣu fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìfẹ́ ni ìyá mi fi se àgbo yẹn o. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ohun tó wà nínú ìkòkò àti ohun tó wà nínú agolo lè pàdé nínú ara kan. Nọ́ọ̀sì wà ní ìsinmi ní Èkìtì nígbà náà. Yèyé rù. Síbẹ̀, bí ọ̀sán bá ti tó, ojú rẹ̀ á wá mi kiri, mo sì ń fún un.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo odò. Ó ní, “Ta ló da epo sójú omi?” Mo wò ó, omi náà dúdú bó ṣe máa ń rí. Mo ní kò sí epo níbẹ̀. “Ó ti pọ́n rúsúrúsú,” ó wí, “bí omi ìyeyè. Gbogbo rẹ̀.” Nígbà tí ìyá mi gbé oúnjẹ rẹ̀ wá nínú abọ́ funfun, ó béèrè ìdí tí a fi ra abọ́ mìíràn. Nígbà tí a tan fìtílà, ó ní òrùka kan yí iná náà ká. Ìyá mi fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ wò bóyá ibà pọ́njú ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ funfun. Obìnrin aládùúgbò wa kan ní ojú àgbà ni, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi wò ó títí. Èmi nìkan ni mo mọ̀. N kò mọ bí ó ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, pé ẹ̀jẹ̀ ń gbé oògùn dé ojú. Mo gbèrò láti sọ ọ́. Mo la ẹnu, mo sì pa á dé. Mo rò pé bí n kò bá fún un ní tọ̀sán mọ́, ó máa lọ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi purọ́ fún òun náà pé oògùn ti fẹ́ tán, kò lè kan tọ̀sán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó ń lọ lórí àfárá, ó ṣubú lulẹ̀, orí rẹ̀ wà lórí pákó, apá rẹ̀ kan wà nínú omi.

Bàbá gbé e sínú ọkọ̀, ìyá mi gbé orí rẹ̀ sí itan, wọ́n ní kí èmi náà wọlé nítorí èmi ni mo mọ oògùn rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ké ní gbogbo ọ̀nà, n kò sì lè gbọ́ bóyá ó ń mí. Ní ọsibítù, dókítà kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń wo aago, ó pẹ́ gan-an kó tó fi í sílẹ̀.

“Ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ jù,” ó wí. “Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń lo oògùn ọkàn yìí lójúmọ́?”

“Ẹ̀ẹ̀kan,” bàbá mi dáhùn. “Ọmọ yìí ló ń fún un. Kò fi ọjọ́ kan ṣàṣìṣe.”

Gbogbo wọn wò mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi. Yèyé la ojú lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ: “Èmi ni mò ń jí i lò. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan.”

Ìgbà tí mo gbọ́ irọ́ tó pa nítorí mi ni ẹkún já lẹ́nu mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti ọ̀sán, ti odò tí kò gba nǹkan kan, ti ọjọ́ méjì tí mo dá a dúró. Ọwọ́ bàbá mi gòkè, ó sì dúró lókè bẹ́ẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀ sára mi. Dókítà kò bínú. Ó kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tèmi dọ́gba, ó ní kí n tún iye ọjọ́ náà sọ. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún wọn. Ó ní oògùn yìí dára, ó ń jẹ́ kí ọkàn tó ti rẹ̀ lè ti ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ààlà àárín ìgbà tó ń ṣeni lóore àti ìgbà tó ń ṣeni níbi kò fẹ̀. Kíndìnrín Yèyé ń falẹ̀, oògùn ń wọlé ju bó ṣe ń jáde lọ, ó wá ń gbá jọ sí i lára. Àgbo àti oògùn omi tún ti gbé iyọ̀ kan tó ń dáàbò bo ọkàn jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tó kù ni kí a dá a dúró, kí a dá iyọ̀ yẹn padà, kí a sì dúró de kíndìnrín rẹ̀.

A dúró. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè jókòó kí ó máa retí ìtọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni ń retí ọkọ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń bi Yèyé léèrè àwọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní rúsúrúsú. Ó ní rúsúrúsú. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó wò ó, tó ní, “Funfun ni,” tó sì béèrè púpurú. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, dókítà kó oògùn fún bàbá. Ó ní hóró kan, kó lò ó lọ́jọ́ kan, kó sinmi lọ́jọ́ kejì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Ṣùgbọ́n kó má ṣàìlò ó,” ó wí. “Bí kò bá lò ó, omi yẹn á padà.” Etí mi ni ó ti sọ ọ́. Etí ìyá mi náà ni.

Ọkọ̀ wa kan ilé, bàbá gbé ìyá rẹ̀ wọlé, ó jáde padà sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ju gbogbo rẹ̀ sódò, oògùn ọkàn, oògùn omi, àti agolo mílíìkì náà. “Ohun tó fẹ́ pa ìyá mi kò ní wọ ilé yìí mọ́,” ó wí.

Ìyá mi ní, “Bàbá Rẹ̀mí, dókítà ní kó má ṣàìlò ó.”

“Mo ti gbọ́.”

Nọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ kẹta, ó bẹ bàbá, ó ní òun á máa wá fi ọwọ́ ara òun fún Yèyé lóògùn. Bàbá dìde fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé. A dúpẹ́,” ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà títí nọ́ọ̀sì fi padà sínú ọkọ̀. Yèyé fúnra rẹ̀ kò béèrè oògùn mọ́. Ẹ̀rù ti bà á. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n kà, tí mo mọ ohun tó ń bọ̀, ta ni n bá sọ ọ́ fún? Ẹni tó ti purọ́ nípa oògùn kò tún ní ẹnu láti sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí mo rò nìyẹn. Mo ti di olùkọ́ báyìí, mo ní ọmọ tó dàgbà ju bí mo ṣe wà nígbà náà lọ, mo sì mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n pariwo.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ wú, lẹ́yìn náà itan, lẹ́yìn náà ikùn. N kò fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìrọ̀rí padà sẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí a fi ká aṣọ kún un. Kò sọ̀rọ̀ Araromi mọ́. Ìgbà tí ìmí rẹ̀ wá ń dún bí omi tó ń hó, bàbá dá iṣẹ́ dúró, ó ń jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ láti àárọ̀ títí. Ọ̀sán kan, ìyá mi àti èmi wà nídìí ẹja, a gbọ́ tí abẹ̀bẹ̀ náà dákẹ́. A kò sáré. A dúró níbẹ̀, ẹja ń jóná lójú wa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá gbé ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kan, kò gbé àwọ̀n dání. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Àwọn ẹbí tó wá bá wa kẹ́dùn ṣì wà nílé, wọ́n ń jẹun lọ́wọ́. Kò jókòó. Ó ní òun lọ bá dókítà. Ó ní òun bi í pé ká ní òun kò ju oògùn yẹn sódò, ṣé ìyá òun ì bá ṣì wà láàyè. Ọwọ́ gbogbo wọn dúró nínú abọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Jókòó.” Bàbá gbọn orí. Ó ní, “Dókítà kò fẹ́ dáhùn. Mo ní kó dáhùn. Ó ní ó ṣeé ṣe kó pẹ́ sí i.”

Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúróọ̀mù omi. “Rẹ̀mí ṣe àṣìṣe, ó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú dókítà. Ìyá mi yè é. Èyí tí kò yè, èmi ni mo ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá ọmọ yìí lẹ́bi lẹ́yìn mi.”

Ó bọ́ sí yàrá ìyá rẹ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Ní gbogbo ọdún tó tún gbé láyé lẹ́yìn rẹ̀, mo gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà láti bá a gbé díẹ̀ lára ẹrù náà. Bí mo bá ti ní, “Bàbá, nípa ọ̀rọ̀ Yèyé,” á gbé ọwọ́ sókè, á ní kí n lọ wo omi bóyá ó ti ń kún.